Ìwé Ìdìbò Méjì: Bí A Ṣe Ń Yan Alága àti Káńsẹ́lọ̀ ní Ìkòròdú

Tí ìdìbò káńsù bá dé, ìwé méjì ni wọn yóò fún yín níbi tábìlì. Ọ̀kan wà fún alága, ìkejì wà fún káńsẹ́lọ̀. Gbogbo ayé ló mọ ẹni tó ń du ipò alága, fọ́tò rẹ̀ á ti wà lára ògiri láti Gáréèjì títí dé Sábó. Ṣùgbọ́n ẹ bi aládùúgbò yín pé ta ni káńsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù yín, ẹ ó rí i pé á kọ́kọ́ dákẹ́ ná. Mo ti rí àwọn tó tẹ̀ka fún alága dáadáa, tí wọ́n wá ká ìwé kejì láìtẹ nǹkan kan sí i, wọ́n sọ ọ́ sínú àpótí, wọ́n lọ sílé. Ó dùn mí. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ èyí, kí a lè mọ bí a ṣe ń di ìbò yìí láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kí ìwé kejì yẹn má bàa ṣòfò lọ́wọ́ wa.

Ohun tó wà lọ́wọ́ àwọn tí a ń yàn

Ọ̀pọ̀ ló gbà pé ìbò ààrẹ àti ti gómìnà nìkan ni ìbò. Àmọ́ òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999, ní abala keje, sọ pé ìjọba ìbílẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí aráàlú dìbò yàn. Àfikún kẹrin òfin yẹn ló wá to iṣẹ́ wọn sílẹ̀: ọjà, gáréèjì ọkọ̀, ibi ìsìnkú, ilé ìpẹran, gọ́tà àti òpópónà àdúgbò, kíkó ìdọ̀tí, sísọ òpópónà lórúkọ àti fífi nọ́ńbà sára ilé, àkọsílẹ̀ ìbí, ikú àti ìgbéyàwó. Àní ìwé àṣẹ ọkọ̀ ọlọ́pọ́n, irú èyí tí wọ́n ń wà lójú ọ̀sà ní Bàyékù, ti ọmọlanke àti ti wílíbáárò, abẹ́ káńsù ni gbogbo rẹ̀ wà. Kò sí ohun tó sún mọ́ ẹnu ọ̀nà ilé wa tó báyìí.

Alága ló ń ṣàkóso. Àwọn káńsẹ́lọ̀ ló ń jókòó ṣòfin káńsù, ìṣirò owó tí alága fẹ́ ná lọ́dún sì gbọ́dọ̀ gba iwájú wọn kọjá. Tí káńsẹ́lọ̀ bá jẹ́ ẹni tó kàn wá jókòó lásán, ta ni yóò bi alága léèrè owó? Ìbéèrè yẹn sì ti wúwo sí i láti ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024. Ọjọ́ náà ni Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀ láìgba ọwọ́ gómìnà, àti pé káńsù tí aráàlú kò bá dìbò yàn kò lẹ́tọ̀ọ́ sí owó náà.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mọ káńsù tí ẹ wà

Ìkòròdú tí à ń pè ní ọ̀kan yìí, káńsù mẹ́fà ló wà nínú rẹ̀: ìjọba ìbílẹ̀ Ìkòròdú fúnra rẹ̀, Ìkòròdú Àríwá tó wà ní Odogunyan, Ìkòròdú Ìwọ̀ Oòrùn tó wà ní Òwutù, Ìmọta, Ìgbógbó-Bàyékù, àti Ìjẹdẹ. Ọdún 2003 ni ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó dá àwọn káńsù ìdàgbàsókè sílẹ̀, àwọn tí gbogbo wa ń pè ní LCDA. 37 ni wọ́n káàkiri ìpínlẹ̀. Tí a bá fi kún ìjọba ìbílẹ̀ 20 tó wà nínú òfin ilẹ̀ wa, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 57, oníkálukú sì ní alága tirẹ̀ àti káńsẹ́lọ̀ tirẹ̀.

Ibí yìí ló máa ń dàrú mọ́ àwọn èèyàn lójú. Àjọ INEC, tó ń ṣètò ìbò ààrẹ àti ti gómìnà, ìjọba ìbílẹ̀ 20 yẹn nìkan ló mọ̀, wọ́ọ̀dù 245 ló sì pín Èkó sí. Àjọ LASIEC, tó jẹ́ ti ìpínlẹ̀ Èkó, ló ń ṣètò ìbò káńsù, káńsù 57 ló sì ń dìbò fún. Ní ọdún 2025, wọ́ọ̀dù 376 ni wọ́n ti yan káńsẹ́lọ̀. Nítorí náà, tí ẹ bá gbọ́ orúkọ wọ́ọ̀dù kan lọ́jọ́ ìbò káńsù tí kò bá èyí tó wà lórí àkọsílẹ̀ INEC yín mu, ẹ má rò pé wọ́n ti yọ yín kúrò. Ibùdó ìdìbò kan náà ni, ààlà wọ́ọ̀dù tí wọ́n fà yí i ká ló yàtọ̀.

Ohun kan tí ẹ gbọ́dọ̀ fi sọ́kàn: ibi tí ibùdó ìdìbò yín wà ló ń sọ káńsù tí ẹ ó dìbò fún, kì í ṣe ibi tí ẹ ń sùn. Ẹni tó ń gbé Òwutù báyìí, àmọ́ tó forúkọ sílẹ̀ nígbà tó wà ní Ìjẹdẹ, alága Ìjẹdẹ àti káńsẹ́lọ̀ Ìjẹdẹ ni ìbò rẹ̀ yóò yàn. Gọ́tà iwájú ilé rẹ̀ ní Òwutù kò ní í rí èrè kankan nínú ìbò yẹn.

Ìgbésẹ̀ kejì: orúkọ àti káàdì

LASIEC kò ní ìwé orúkọ olùdìbò tirẹ̀ lọ́tọ̀. Èyí tí INEC kó jọ ló ń lò. Nítorí náà, káàdì ìdìbò alálòpẹ́ kan náà tí ẹ fi ń dìbò ààrẹ lẹ ó mú wá.

Ẹni tó bá ti pé ọmọ ọdún 18, tó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, lè forúkọ sílẹ̀ nígbà tí INEC bá ṣí i. Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ dé ọ́fíìsì INEC fúnra yín kí wọ́n tó lè ya fọ́tò yín, kí wọ́n sì gba ìtẹ̀ka yín. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ má forúkọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì láé, ẹ̀ṣẹ̀ ni lábẹ́ òfin. Tí ẹ bá ti kó kúrò níbi tí ẹ wà tẹ́lẹ̀, ẹ ní kí wọ́n gbé orúkọ yín lọ sí àdúgbò tuntun. Tí káàdì bá sọnù tàbí tó bàjẹ́, ẹ ní kí wọ́n tẹ òmíràn. Gbogbo èyí ni wọ́n máa ń tì kí ìdìbò tó dé, ẹni tó bá sì dúró di ọ̀sẹ̀ ìbò, ó ti pẹ́ jù. Ẹ lọ gba káàdì yín fúnra yín, ẹ má rán ẹnikẹ́ni, ẹ má sì fi í síkàáwọ́ olóṣèlú kankan tó ní òun fẹ́ bá yín tọ́jú rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ wá ibùdó ìdìbò yín kí ọjọ́ tó pé

Ní ọdún 2021, INEC fi kún ibùdó ìdìbò káàkiri orílẹ̀-èdè, láti 119,973 sí 176,846. Ní Èkó nìkan, ó kúrò ní 8,462, ó di 13,325. Ó dára, torí ìlà gígùn dínkù. Àmọ́ ó túmọ̀ sí pé wọ́n ti gbé orúkọ ọ̀pọ̀ èèyàn kúrò níbi tí wọ́n ti ń dìbò láti ọjọ́ pípẹ́.

Ó ṣẹlẹ̀ sí èmi náà. Ní ọdún 2023 mo jí ní kùtùkùtù, mo lọ sí iwájú ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí mo ti ń dìbò láti ìgbà èwe mi, mo tò fún nǹkan bíi wákàtí méjì. Ìgbà tó kàn mí, òṣìṣẹ́ wo ìwé orúkọ lókè nílẹ̀, kò rí mi. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó dúró tì wá ló bá mi wò ó lórí fóònù rẹ̀: wọ́n ti gbé mi lọ sí ẹ̀gbẹ́ ilé omi kan ní òpópónà kẹta. Mo sáré lọ, mo bá a, mo dìbò. Àwọn ìyá àgbàlagbà méjì tó wà lẹ́yìn mi lórí ìlà, tí ọ̀rọ̀ tiwọn náà rí bẹ́ẹ̀, kò lè rìn ín mọ́. Wọ́n padà sílé.

Nítorí náà, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ṣáájú. Ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì INEC: ẹ ó yan ìpínlẹ̀, ẹ ó tẹ orúkọ àti ọjọ́ ìbí yín tàbí nọ́ńbà ìparí káàdì, yóò sì gbé ibùdó yín jáde. Nọ́ńbà ibùdó náà ní ìtumọ̀. Méjì àkọ́kọ́ jẹ́ 24, Èkó nìyẹn. Méjì tó tẹ̀lé e ni ìjọba ìbílẹ̀, méjì mìíràn ni wọ́ọ̀dù INEC, mẹ́ta ìparí ni ibùdó yín gan-an. Tí wọ́n bá tẹ káàdì yín kí ó tó di 2021, ẹ má gbọ́kàn lé nọ́ńbà ara rẹ̀, ohun tí íntánẹ́ẹ̀tì bá gbé jáde ni kí ẹ kọ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ rìn débẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ fi ojú rí i. Ẹ bá àwọn òbí yín wò ó pẹ̀lú.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ mọ káńsẹ́lọ̀ tí ẹ fẹ́ yàn

Nípò alága, èèyàn kan kọ́ lẹ ń yàn. Alága àti igbákejì rẹ̀ ló jọ ń du ipò pọ̀, ìtẹ̀ka kan ló gbé àwọn méjèèjì wọlé. Nípò káńsẹ́lọ̀, ẹnì kan ni. Kò sí ẹni tó lè dá du ipò láìsí lábẹ́ ẹgbẹ́ òṣèlú ní Nàìjíríà, nítorí náà àmì ẹgbẹ́ ni ẹ ó bá lórí ìwé ìdìbò. Ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ẹgbẹ́ wo ni ẹni tí ẹ fẹ́ ń lò, torí ẹni tó bá ń wá fọ́tò èèyàn kiri lórí ìwé yóò dúró níbẹ̀ títí.

Ọ̀nà tó dára jù láti mọ káńsẹ́lọ̀ ni ìpàdé CDA, ìyẹn ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò. Ẹ sọ fún alága CDA yín kí ó pe gbogbo àwọn tó ń du ipò ní wọ́ọ̀dù, láìfi ẹgbẹ́ ṣe, kí oníkálukú wá sọ tẹnu rẹ̀. Ní tiwa, a kò jẹ́ kí wọ́n ka ìlérí. Ìbéèrè la bi wọ́n. Gọ́tà wo ló ń kún ilé ní àdúgbò yìí tí òjò bá rọ̀? Àwọn wo ló ń gba owó lọ́jà yìí, ta sì ni wọ́n ń kó o fún? Ìgbà mélòó lọ́dún lẹ ó máa wá jókòó báyìí pẹ̀lú wa? Ọ̀kan nínú wọn kò mọ gọ́tà náà. Ọ̀gbẹ́ni yẹn ti ń gbé ibòmíràn láti ọdún pípẹ́, ìgbà tí ìbò sún mọ́ ló padà wá. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló tú àṣírí yẹn, láìsí pé ẹnikẹ́ni bú u.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ibi tí ìbò máa já sí ti hàn tẹ́lẹ̀. Ní ọdún 2025, ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ló gba ipò alága ní gbogbo káńsù 57. Ẹgbẹ́ yẹn náà ló gba ìjókòó káńsẹ́lọ̀ 375 nínú 376. Ìjókòó kan tó kù, ní Yaba, ẹgbẹ́ mìíràn ló mú un. Wọ́ọ̀dù kan péré ni, àmọ́ aráàlú ibẹ̀ fi hàn pé ìwé káńsẹ́lọ̀ dá dúró fúnra rẹ̀. Kò pọn dandan kí ẹ tẹ̀ka fún ẹgbẹ́ kan náà lórí ìwé méjèèjì. Ẹ wo èèyàn, ẹ wo iṣẹ́.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: òwúrọ̀ ọjọ́ ìdìbò

Ìdìbò káńsù mẹ́ta tó kẹ́yìn ní Èkó, inú oṣù Keje ni gbogbo wọn bọ́ sí, ọjọ́ Sátidé sì ni: ọjọ́ 22 ní ọdún 2017, ọjọ́ 24 ní ọdún 2021, ọjọ́ 12 ní ọdún 2025. Sáà wọn jẹ́ ọdún mẹ́rin mẹ́rin. Ẹ mọ bí oṣù Keje ṣe máa ń rí ní Ìkòròdú. Ẹ fi káàdì sínú ọ̀rá tó dára, ẹ mú agboòrùn, ẹ wọ bàtà tó lè wọ ẹrẹ̀.

Ìjọba máa ń dí ìrìnnà lọ́jọ́ náà. Tí ibùdó yín bá jìnnà sílé, ẹ tètè gbéra, kí ẹ fẹsẹ̀ rìn pẹ̀lú àwọn aládùúgbò. Ẹ má wọ aṣọ ẹgbẹ́, ẹ má so àmì ẹgbẹ́ mọ́ra. Láàárín mítà 300 sí ibùdó ìdìbò, òfin kò fàyè gba ìpolongo kankan. Ẹni tó bá wá fi owó lọ̀ yín níbẹ̀, ẹ kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Àti ẹni tó fún ni àti ẹni tó gbà, òfin mú àwọn méjèèjì.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: níwájú tábìlì

Ẹ tò. Aláboyún, arúgbó àti ẹni tó ní ìpèníjà ara máa ń lọ síwájú, ẹ fún wọn láyè. Òṣìṣẹ́ yóò gba káàdì yín, yóò wá orúkọ yín nínú ìwé, yóò sàmì sí i, yóò sì fi yíńkì sí ọmọ ìka yín. Lẹ́yìn náà ni yóò fún yín ní ìwé méjèèjì. Ẹ wo ẹ̀yìn wọn: òǹtẹ̀ àti ìbuwọ́lù òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Tí kò bá sí, ẹ dá a padà kí ẹ tó wọ ibi ìtẹ̀ka, torí ìwé tí kò ní òǹtẹ̀, wọn kò ní í kà á.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí ìtẹ̀ka, nítorí ibẹ̀ ni ìbò ti ń bàjẹ́ jù. Ní ọdún 2021 mo dúró ti kíkà ìbò ní ibùdó wa. Òṣìṣẹ́ ń gbé ìwé sókè lọ́kọ̀ọ̀kan kí gbogbo ayé rí i. Ó gbé ọ̀kan sókè, ìwé káńsẹ́lọ̀ ni, ìtẹ̀ka náà tóbi, ó ṣe kedere, àmọ́ àárín àmì méjì ló bọ́ sí, ó gun ìlà tó yà wọ́n. Àwọn èjẹ́ńtì, ìyẹn aṣojú ẹgbẹ́ òṣèlú, wò ó, wọ́n fa ọ̀rọ̀ díẹ̀. Wọ́n gbé e sọ́tọ̀. Ẹnì kan ti tò nínú òjò nítorí ìwé yẹn.

Nítorí náà: ìka kan, àyè kan, ìgbà kan. Ẹ má fi ìka tó kún fún yíńkì tẹ ìwé tààrà, ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí èyí tó pọ̀jù kúrò. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sí àárín àyè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmì ẹgbẹ́ tí ẹ fẹ́, kí etí rẹ̀ má kan ìlà òkè tàbí ti ìsàlẹ̀. Ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí i díẹ̀ kí ó gbẹ. Lẹ́yìn náà ẹ ká a ní gígùn, láti òsì sí ọ̀tún bí ẹni ń pa ìwé dé. Tí ẹ bá ká a láti òkè sí ìsàlẹ̀, yíńkì tútù yóò lẹ̀ mọ́ àmì ẹgbẹ́ mìíràn, ìtẹ̀ka yóò wá di méjì lójú ẹni tó ń kà á. Tí ẹ bá sì ká a ní gígùn, tí yíńkì bá tilẹ̀ lẹ̀, ìlà ẹgbẹ́ kan náà ló máa wà. Ẹ kọ́ àwọn ìyá wa ní èyí nílé pẹ̀lú ìwé lásán kí ọjọ́ náà tó dé. Ìyá tèmi ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta lórí tábìlì ilé ìdáná kí ó tó mọ́ ọn lọ́wọ́, ó sì ṣe é láìsí àṣìṣe lọ́jọ́ náà.

Tí ọwọ́ bá ṣèèṣì bà á jẹ́, ẹ má sọ ọ́ sínú àpótí. Ẹ mú un padà fún ọ̀gá ibùdó, ẹ ṣàlàyé, yóò gba ti ọwọ́ yín, yóò fún yín ní òmíràn. Afọ́jú tàbí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ lè mú ẹni tó fọkàn tán wọlé láti bá a tẹ̀ ẹ́. Kò sí fóònù nínú ibi ìtẹ̀ka, bẹ́ẹ̀ ni ẹ kò gbọdọ̀ fi ìwé tí ẹ ti tẹ̀ han ẹnikẹ́ni.

Ẹ ṣe ìwé káńsẹ́lọ̀ pẹ̀lú ìfarabalẹ̀ kan náà tí ẹ fi ṣe ti alága. Ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sára àpótí kí ẹ tó sọ ìwé sínú rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ keje: kíkà

Tí àkókò ìdìbò bá parí, ẹni tó ti wà lórí ìlà tẹ́lẹ̀ ṣì ní ẹ̀tọ́ láti dìbò. Ibùdó náà gan-an ni wọ́n ti ń kà á, lójú gbogbo ènìyàn. Ẹ dúró, bí ẹ bá lágbára rẹ̀, ẹ dúró jẹ́jẹ́, ẹ má pariwo. Òṣìṣẹ́ yóò kọ èsì sórí ìwé, àwọn èjẹ́ńtì ẹgbẹ́ yóò fọwọ́ sí i, wọn yóò lẹ ẹ̀dà kan mọ́ ibẹ̀. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbé èsì lọ sí ibùdó àkójọ wọ́ọ̀dù, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kéde káńsẹ́lọ̀. Ti alága á tún tẹ̀ síwájú lọ sí ibùdó àkójọ káńsù. Tí iye tí wọ́n kà ní wọ́ọ̀dù bá yàtọ̀ sí ti fọ́tò yín, ẹ fún èjẹ́ńtì ẹgbẹ́ tí ọ̀rọ̀ kàn. Ìgbìmọ̀ ìgbẹ́jọ́ ìdìbò wà fún ìyẹn.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: lẹ́yìn tí wọ́n bá ti búra fún wọn

Ẹ mú ìwé kan, ẹ kọ orúkọ káńsẹ́lọ̀ yín, wọ́ọ̀dù rẹ̀ àti nọ́ńbà fóònù rẹ̀. Ẹ lọ béèrè ní ọ́fíìsì káńsù nípa ọjọ́ tí ilé aṣòfin wọn ń jókòó. Tí gọ́tà bá dí, tàbí tí iná ọjà kò tàn, ẹ kọ lẹ́tà sí olórí ilé aṣòfin káńsù, kí ẹ sì kọ̀wé sí káńsẹ́lọ̀ yín pẹ̀lú. Ẹ kọ ọjọ́, ẹ kọ orúkọ òpópónà, ẹ kọ ohun tí ẹ fẹ́ kí wọ́n ṣe ní ìlà mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí àwọn ìdílé àdúgbò bíi mẹ́wàá fọwọ́ sí i. Ẹ̀dà méjì lẹ ó mú lọ. Wọn yóò gba ọ̀kan, wọn yóò lu òǹtẹ̀ sí ìkejì pé àwọn ti gbà á ní ọjọ́ báyìí. Èyí tí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí yìí, èmi máa ń ká a sínú ọ̀rá kan náà tí káàdì ìdìbò mi wà.